Obìnrin Mẹ́fà Tó Fi Ẹnu Mi Sọ̀rọ̀

Ìrè-Èkìtì,
Ọ̀sán Ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Mojísọ́lá, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo ti jẹun. Ohun tí mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ mọ̀ nìyẹn. Láti ọjọ́ Ajé tí o ti pa fóònù mọ́ mi létí, ògì nìkan ni mo ń mu bí ẹni tí wọ́n yọ eyín rẹ̀. Ṣùgbọ́n lánàá tí o pè, tí o ní, "Màámi, mo ti sọ fún wọn, wọn ò lé mi," bí mo ṣe gbé fóònù sílẹ̀ ni mo gbé odó síta. Bàbá rẹ ní ta ló ń bọ̀ wá kí wa? Mo ní èmi fúnra mi ni mò ń ṣe lálejò. Uyán náà funfun bí òwú. Mo jẹ ẹ́ títí ìró fi tú nídìí mi, mo tún un ró, mo sì bu òmíràn.

O mọ̀ pé n kì í kọ lẹ́tà. Kíláàsì mẹ́ta péré ni mo kà ní girama, ìwé tí mo bá sì kọ, bí ìgbà tí adìyẹ bá fẹsẹ̀ tú ilẹ̀ ló ń rí. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí n sọ ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù, kò ní pẹ́ tí n ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohùn àǹtí rẹ, ìwọ náà á bú sẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á sì di eré. Nítorí náà mo ra ìwé tí àwọn ọmọ fi ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, mo jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, mo ń kọ ọ́. Ka gbogbo rẹ̀. Má ṣe fo ojú ìwé kankan, mo mọ̀ ọ́.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀, kí o lè mọ bí ó ṣe rí lọ́dọ̀ mi níbí.

Nígbà tí o sọ fún wa pé wọ́n ti gbà ọ́ láti ka ìwé másítáàsì, mo bi ọ́ pé kí ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. O ní dìsáìnì. Mo ní ṣé aṣọ ni? O ní rárá, pé ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń ronú kan ohun èlò tuntun ni, kí ó lè bá ara àti iṣẹ́ ẹni tó máa lò ó mu. O ní kí ènìyàn tó fa ìlà kan sórí ìwé, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ bá ẹni náà, kó jókòó tì í, kó bi í ní ìbéèrè, kó wo bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi. Mo sọ fún àwọn tí a jọ ń yan gàrí pé ìwé tí ọmọ mi ń kà yìí, àwa gan-an ni tíṣà rẹ̀. Nígbà tí o wá ní ààrò ìyangàrí ni o fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ àṣekẹ́yìn, èyí tí kò ní máa rú èéfín sí wa lójú, díẹ̀ ló kù kí n fò sókè.

Obìnrin mẹ́fà ni o ní o máa lọ bá: méjì ní Ùsì, méjì ní Àsin, méjì níbí ní Ìrè. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, o fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sórí fóònù bàbá rẹ, o ní kí n bá ọ wò ó bóyá ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin náà dún bíi ti Èkìtì dáadáa. Mo gbé awò sójú. Mo ka ti obìnrin Ùsì àkọ́kọ́. Ó ní, "Èéfín yìí, àna tí kò mọ àsìkò àtilọ sílé ni." Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní obìnrin yìí lẹ́nu o. Mo ka ti Àsin. Òun ní òun ti sunkún nídìí ààrò ju bí òun ṣe sunkún lọ́jọ́ tí wọ́n sin bàbá òun lọ. Ẹ̀rín mi dín kù. Mo ka ẹ̀kẹta, èyí tó ní, "Bí wọ́n bá ní kí n wá ọkọ mi láàrin èrò, umú ni n ó fi mọ̀ ọ́n, ojú mi ti lọ."

Mojísọ́lá, mo bọ́ awò mi sílẹ̀. Ta ló sọ ìyẹn? Èmi ni mo sọ ọ́, lọ́jọ́ ìkórè tí bàbá rẹ wọ aṣọ tuntun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìwọ wà níbẹ̀, o ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, o rẹ́rìn-ín títí o fi tọ̀ sára.

Obìnrin mẹ́fà, ẹnu kan ṣoṣo. Kò sí èyí tó bínú nínú wọn. Kò sí èyí tó ní òun ò ráyè, kí o padà wá. Kò tiẹ̀ sí èyí tó bi ọ́ pé ọmọ ta ni ọ́. Obìnrin Èkìtì wo ló máa rí àlejò tó gbé bírò àti ìwé dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tí kò ní kọ́kọ́ bi í léèrè ọmọ ẹni tó ń ṣe?

Mo pè ọ́. Mo ní, "Mojí, kí ni orúkọ obìnrin Ùsì yìí?"

O ní, "Màámi, a kì í kọ orúkọ wọn síbẹ̀. Àṣírí wọn ni."

"Èmi kì í ṣe ìwé. Sọ ọ́ sí mi létí."

O kàn ń wúkọ́.

"Ṣé o dé Ùsì?"

"Màámi, mo mọ ohun tí wọ́n máa sọ. Ulé gàrí ni ẹ tọ́ mi dàgbà sí. Àkókò ti lọ, àwọn yòókù ti ń parí tiwọn."

"Mo ní ṣé o dé Ùsì?"

"Rárá, mà."

"Àsin ńkọ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́, mà."

"Ìrè níbí ńkọ́, tí ìyá rẹ wà? Ìwọ̀nyẹn náà ò sí?"

Mo ní kí o lọ sọ fún ọ̀gá rẹ ní yunifásítì kí o tó gbé iṣẹ́ náà kalẹ̀ níwájú wọn. O ní bí o bá sọ ọ́, wọ́n máa lé ọ, pé ẹni tó bá hun ọ̀rọ̀ fún ènìyàn tí kò rí, lílé ni wọ́n ń lé e. Mo ní kí wọ́n lé ọ, kí o wá bá mi yan gàrí. Lo bá pariwo mọ́ mi pé, "Ẹ̀yin tí ẹ ò kàwé dópin, ẹ ò lè mọ bó ṣe ń rí!" Fóònù sì kú.

Má sunkún. O ti bẹ̀ mí lánàá, mo sì ti dárí jì ọ́ kí o tó pè rárá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn kan ibì kan lára mi tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn rí. Mo jókòó tì í láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ohun tó sì tibẹ̀ jáde ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ fún ọ.

Èkínní. O máa ń gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé àìlówó ni kò jẹ́ kí n kàwé. Irọ́ ni. Èmi ni mo jẹ́ kí wọ́n máa gbà á bẹ́ẹ̀.

Ọ̀yẹ́ ni a ti ń ka girama, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tó ń jẹ́ Ọmọ́wùmí. Ìyà ni mo jẹ́ fún àwọn tíṣà ìgbà yẹn. Kò sí ẹni tí n kò lè ṣe bíi tirẹ̀. Mo ń ṣe kátíkíìsì, mo ń ṣe tíṣà Bíbélì tó máa ń sín láàrin àdúrà, mo ń ṣe ewúrẹ́ tó ń bá ìyàwó alágbàfọ̀ jà. Èyí tí mo mọ̀ ṣe jù ni pìrìnsípà wa. Ó máa ń fa umú lẹ́ẹ̀mejì kó tó sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà á wá máa jáde díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń fi okùn fa màlúù. Mo kọ́ Wùmí náà. Òun ló ṣe pìrìnsípà nínú eré ìparí ọdún, nítorí mo ní ibà lọ́jọ́ yẹn, gbogbo ilé-ìwé sì pàtẹ́wọ́ fún un.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n ní kí kíláàsì wa lọ ro oko ilé-ìwé. Oòrùn mú. Mo yọ́ lọ sẹ́yìn ilé tí wọ́n ń kó ọkọ́ sí, mo fa umú lẹ́ẹ̀mejì, mo ké jáde: "Kíláàsì kẹta, ó tó. Ẹ máa lọ… sí… ilé." Ọkọ́ ń dún gbì, gbì, gbì nílẹ̀. Kí o tó ṣẹ́jú, kò sí ẹnikẹ́ni lóko mọ́. Mo rẹ́rìn-ín títí dé ilé.

Mi ò mọ̀ pé pìrìnsípà ń mú àwọn àlejò láti ilé iṣẹ́ ẹ̀kọ́ bọ̀ wá wo oko náà. Ọkọ́ ni wọ́n bá níbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dúró níwájú wa, ó bi wá pé ta ló gba ẹnu òun lò. Tíṣà kan bá ní, "Ọmọ tó ṣe yín nínú eré ńkọ́, sà?" Wọ́n pe Wùmí jáde. Ó ní òun kọ́. Wọ́n ní ta ni nígbà náà? Ó yíjú, ó wò mí. Kò ju ìgbà tí ènìyàn fi ń mí lẹ́ẹ̀kan lọ. Mo wo bàtà mi.

Wọ́n ní kó lọ gbélé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìdánwò wa bọ́ sáàrin ọ̀sẹ̀ méjì náà. Èmi jókòó, mo ṣe é, mo yege. Nígbà tí a wọlé padà, èmi ń tò sórí ìlà kíláàsì kẹrin, mo sì rí i lórí ìlà kẹta láàrin àwọn ọmọ kéékèèké, aṣọ ilé-ìwé rẹ̀ ti kúrú ju orókún lọ. Mo kúrò lórí ìlà, mo gba ẹnu ọ̀nà jáde. Mo sọ fún yèyé mi pé orí ń fọ́ mi. Orí fọ́ mi ní ọ̀sẹ̀ náà, ó fọ́ mi ní oṣù náà. Bí mo ṣe dé ìdí agbada nìyẹn.

Ǹjẹ́ o rí i? Mi ò lè sọ fún ọ pé lọ jẹ́wọ́, kí èmi sì jókòó sí Ìrè pẹ̀lú tèmi nínú. Lọ́jọ́rú, mo gun ọ̀kadà dé Ọ̀yẹ́, mo wọ mọ́tò dé Ìdó, mo tún wọ òmíràn dé Ùsì. Ibẹ̀ ni Wùmí lọ́kọ sí. Gàrí lòun náà ń yan, òun tiẹ̀ ni olórí àwọn obìnrin ulé gàrí wọn. Láti gbogbo ọdún yìí wá, bí a bá pàdé níbi òkú, a máa ń kí ara wa bí ẹni tó ń bọ́ lọ́wọ́ òjò. Mo bá a níbi tó ti ń sẹ́ ẹ̀gẹ́.

Ó ní, "Bọ́sẹ̀! Ta ló kú?"

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó kú."

"Kí ló wá gbé ọ dé Ùsì láàrin ọ̀sẹ̀? Ṣé ọkọ lo tún wá fẹ́?"

Mo kúnlẹ̀ sínú ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Mo ní, "Wùmí, èmi ni mo lé kíláàsì wa kúrò lóko lọ́jọ́sí."

Kò dá asẹ́ dúró. Ó ní, "Mo mọ̀."

"O mọ̀?"

"Láti ọjọ́ náà. Ohùn tí mo gbọ́ lóko yẹn, èmi ò lè ṣe é tó bẹ́ẹ̀ láyé mi. Tèmi nínú eré, wọ́n kàn pàtẹ́wọ́ ni."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ìwọ ni mò ń retí. Mo retí rẹ ní ọ̀sẹ̀ kìíní, mo retí rẹ ní ọ̀sẹ̀ kejì. Bọ́sẹ̀, kì í ṣe gbígbélé yẹn ló dùn mí. Mo tún kíláàsì kà, mo jáde, ó tán. Ọ̀rẹ́ kan ni mo ní, ó sì ń sá fún mi. Ìyẹn ló dùn mí."

Mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó gbọn asẹ́ rẹ̀, ó ní, "Dìde ńbẹ̀, o ń ba ẹ̀gẹ́ mi jẹ́. Ṣé o ṣì lè ṣe é?"

"Ṣe kí ni?"

"Pìrìnsípà."

Mi ò tíì ṣe ohùn yẹn láti ọjọ́ oko. Mo fa umú lẹ́ẹ̀mejì, mo ní kó máa lọ… sí… ilé. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di òpó mú, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọn ò tíì dáná lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí mo délé, mo sọ fún bàbá rẹ. Ó ní, "Mo ti ń rò ó pé kí ló dé tó jẹ́ pé gbogbo ayé lo lè ṣe, ṣùgbọ́n o kì í ṣe ọ̀gá ilé-ìwé yín." Ọkùnrin tí a rò pé kì í gbọ́ nǹkan kan!

Ohun tí mo fẹ́ kí o mú níbẹ̀ nìyí. Ọjọ́ márùn-ún péré ni o gbé tìrẹ, kí o tó wọ ọ́fíìsì ọ̀gá rẹ obìnrin yẹn lọ. Ìyẹn ju ohun tí èmi lè ṣe lọ nígbà tí mo wà lọ́mọdé. O ní wọ́n wò ọ́ títí, wọ́n ní kí o tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n fún ọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n sì ní kí o kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sínú iṣẹ́ náà. O ní ojú ń tì ọ́ láti kọ ọ́. Kọ ọ́. Má fi lẹ́tà kéékèèké kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé. Kọ ọ́ síbi tí ẹni tí kò ní awò á ti rí i.

Èkejì, lórí sísín ènìyàn jẹ. O jogún rẹ̀, kò sí bí a ṣe fẹ́ ṣe é. Mo tiẹ̀ gbọ́ lẹ́nu ọ̀rẹ́ rẹ tó wá lọ́jọ́ Àjíǹde pé o ń ṣe ọ̀gá rẹ yìí fún gbogbo ará yàrá yín. Jáwọ́ ńbẹ̀. Tàbí kí o kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n gbọ́ ohun tí mo mọ̀ nípa iṣẹ́ náà, nítorí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ ní gbogbo agbègbè yìí. Ẹni tó ń sín ènìyàn jẹ kì í mú ju nǹkan méjì lọ lára ẹni náà: bó ṣe ń fa umú, bó ṣe ń wúkọ́. Ìyókù, ara rẹ̀ ló fi ń dí i. Àwọn tó ń gbọ́ ọ sì ń rẹ́rìn-ín nítorí ohun tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n rí. Odindi ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣe pìrìnsípà, mi ò mọ̀ pé inú ló ń run ún tó fi ń fa ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Wùmí ló sọ fún mi lọ́jọ́rú. Ohun tí a kò tíì mọ̀ ni wọ́n ní kí o lọ wá, Àbẹ̀kẹ́. Ìyẹn kò sí lẹ́nu mi.

Ẹ̀kẹta, ààrò rẹ. Mo wo àwòrán tí o yà. Ó rẹwà, ó ga tó àyà mi, ó ní páìpù tó gba òkè àjà jáde. Ta ló máa dúró sídìí rẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́? O ò bi mí. O mọ èéfín, nítorí ojú ló ń ta ìwọ nígbà tí o wà ní kékeré, o máa ń jókòó síbi tí afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ, n ó lé ọ, o ò ní gbọ́. Ojú rẹ ni èéfín ta. Èmi, ìbàdí mi ọ̀tún ni. Ẹ̀gbẹ́ ni a fi ń jókòó ti agbada, iná á máa jó itan kan, ọwọ́ kan náà ni a fi ń yí gàrí ṣúlẹ̀. Bí mo bá dìde, mo gbọ́dọ̀ dúró díẹ̀ kí n tó lè gbé ẹsẹ̀. O máa ń bi mí nígbà náà pé, "Màámi, kí lẹ ń wò?" N ó ní mò ń wo òjò. Mi ò wo òjò kankan.

Èéfín náà ńkọ́? Ó ń yọ wá lẹ́nu, n kò parọ́. Ṣùgbọ́n òun ló ń lé kòkòrò kúrò lára àgbàdo tí a so sókè àjà. Bí o bá gbé e gba páìpù lọ, kí la máa fi rọ́pò rẹ̀? Èmi ò mọ̀. Bóyá àwọn ará Àsin mọ̀. Bóyá àwọn ará Ùsì kì í tiẹ̀ so àgbàdo sókè ní tiwọn. Ṣé o ti rí ohun tí mò ń wí? Wákàtí kan lo fi ń bá mi sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀, síbẹ̀ o ò mọ ohun tó ń dùn mí, ẹ̀bi tèmi náà sì ni, ẹ̀rín ni mo máa ń fi bò ó. Báwo lo ṣe wá fẹ́ mọ ti obìnrin tí o ò rí rí?

Mo ti gbàgbé iye tí mo kà dé. Fi nọ́ńbà tó bá wù ọ́ sí èyí tó kù.

Máa jẹun láàárọ̀. Gàrí tí mo di fún ọ kì í ṣe fún àlejò nìkan.

Bí àwọn tí ẹ jọ wà ní kíláàsì bá ń sọ gẹ̀ẹ́sì tó ń gba umú jáde, má bẹ̀rù wọn, má sì ṣe wọ́n. Àwọn náà ń bẹ̀rù nǹkan kan. Bi wọ́n léèrè, ó máa yà ọ́ lẹ́nu. Bí iṣẹ́ bá sì pọ̀ ju ọwọ́ rẹ lọ, lọ sọ fún ọ̀gá rẹ nígbà tó ṣì jẹ́ pé iṣẹ́ lásán ló jẹ́, kó tó di ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tó kó ọ sí èyí nìyẹn, o rò pé bí o bá ní o ò tíì dé Ùsì, wọ́n máa rò pé ọ̀lẹ ni ọ́. Ènìyàn tí kò tíì dé Ùsì, kò tíì dé Ùsì náà ni. Mọ́tò ṣì wà.

Àǹtí rẹ ní kí n bi ọ́ nípa ọkọ. Mo ti bi ọ́. Ó parí.

Ọ̀rọ̀ Ùsì ló kù. Mo pe Wùmí lánàá lẹ́yìn tí o pè, ó sì gbà láti rí ọ lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, ìyẹn ni mo ṣe ń fi lẹ́tà yìí rán awakọ̀ sí ọ. Mo ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un lọ́jọ́rú, ti obìnrin mẹ́fà náà. Ó wò mí, ó ní, "Ọmọ rẹ lóòótọ́ ni." Ó ní kó má ṣe jẹ́ àárọ̀, nítorí ọwọ́ wọn máa ń dí pẹ̀lú rírin ẹ̀gẹ́. Wá nígbà tí wọ́n bá ti di í sínú àpò, tí omi rẹ̀ ń ro. Ìgbà yẹn ni obìnrin máa ń ráyè. Kúnlẹ̀ kí wọn, má ṣe yọ fóònù jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ bí ọlọ́pàá. Wọ́n máa bi ọ́ pé ọmọ ta ni ọ́, dá wọn lóhùn, kí o sì jẹ́ kí wọ́n béèrè tó bí wọ́n bá ṣe fẹ́. Bí wọ́n bá dáná, gba igbá lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn, kí o yí gàrí náà fúnra rẹ títí ọwọ́ yóò fi ro ọ́, kí o tó bi í pé kí ló ń dùn ún. Bí ó bá ní kò sí nǹkan kan, kọ ọ́ pé ó ní kò sí nǹkan kan, kí o sì tún dúró díẹ̀. Gba àyè lọ́wọ́ wọn kí o tó kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀. Èyí tó bá bú ọ, kọ èébú náà sí i. Lẹ́yìn rẹ̀ kí o lọ sí Àsin, kí o tó wá sí Ìrè níbí. Ìgbẹ̀yìn ni kí o dé ọ̀dọ̀ mi, n kò fẹ́ jẹ́ ọ̀kan nínú obìnrin mẹ́fà náà.

Wùmí ní kí n wá sí Ùsì lọ́jọ́ náà, kí a jọ jókòó. Mo fẹ́ bẹ́ẹ̀, Ọlọ́run mọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní wá. Bí mo bá wà níbẹ̀, o máa bi wọ́n ní ìbéèrè, èmi á sì dá ọ lóhùn. Mo mọ ara mi.

Nítorí náà, má pè mí kí o tó lọ, má sì pè mí láti inú mọ́tò. Bí o bá tibẹ̀ jáde, wo inú ìwé rẹ dáadáa. Ìgbà tí o bá rí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí o ò gbọ́ lẹ́nu mi rí, ìgbà yẹn ni kí o pè mí.

Ìyá rẹ tí ara tù,
Bọ́sẹ̀.